Àwọn mẹ́rin tó dé NFL nìkan kọ́

Àwọn kan kọ ọ́ pé ohun tó fi hàn pé Ed Thomas, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, mọṣẹ́ ni ọmọ mẹ́rin tó ti abẹ́ rẹ̀ dé NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà jẹun. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Parkersburg, ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ò ní tó 2,000 èèyàn nígbà yẹn. Ìjì wó ilé ẹ̀kọ́ wọn palẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ó wó ilé Thomas fúnra rẹ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n ṣa gíláàsì fífọ́ kúrò nínú koríko pápá títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti kọ́ rí yìnbọn pa á ní 2009, ẹbí rẹ̀ ní kí ìlú gbàdúrà fún àwọn òbí ọmọ náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹnìkan tún ní tíṣà bọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kí ọmọ kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, tíṣà bọ́ọ̀lù tiwa náà ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Fúnra rẹ̀ ló ń fa okùn, tó ń fi agolo mílíìkì tó dá lu da eérú sílẹ̀ láti fi sàmì sí pápá. Mo gba 28 nínú 100 nínú ìṣirò, ó gba jẹ́sì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìdíje, ó ní kí n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kí n tún un ṣe. Ní ìsinmi ìdajì, ó sáré wá máàkì rẹ̀, eérú ṣì wà ní ìka rẹ̀.