Ikọ́ kì í jí

Láti Ọjọ́bọ̀ ni inú ti ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, bóyá á kúrò lára mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, SS1 ló wà. Lọ́jọ́ náà, ó ti ilé ìwé dé, ó kí mi bí ẹni tó ń san gbèsè, ó ju báàgì sórí àga, ó wọ yàrá lọ. Mo tú báàgì náà. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, ẹ̀yin náà ń tú báàgì ọmọ yín. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá níbẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n kọ ewì nípa ilé wọn. Ó kọ ọ́. Wọ́n fún un ní 3 nínú 10.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó sọ nìyí: ikọ́ màmá àgbà ló ń kọ́kọ́ jí nílé wa. Ó ń jí ṣáájú àkùkọ, ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé màmá lọ sí ọsibítù, oorun gbé gbogbo wa lọ, kò sẹ́ni tó jí wa. Ó parí síbẹ̀.

Màmá àgbà yẹn, ìyá tó bí mi ni. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, fóònù ni mo dá lẹ́bi pé kò dún. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ikọ́ màmá ni aago ilé wa. Ọmọ ọdún 14 ló rí i.

Tíṣà fi bíró pupa fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ikọ́ kì í jí. Nísàlẹ̀, ó béèrè pé ráìmù dà, ìyẹn ìparí ìlà tó ń dún jọra.

Ikọ́ kì í jí! Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀, mo bá nóòtì tí tíṣà yìí kan náà pè fún wọn kọ. Personification ni àkọlé rẹ̀, ohun tí tíṣà Yorùbá ń pè ní ìfohunpènìyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti há a sórí, ó lè kà á fún yín lójú oorun. Ọjọ́ tó wá fi ṣe nǹkan, wọ́n gé e lọ́wọ́. Oòrùn inú nóòtì lè rẹ́rìn-ín, ikọ́ ìyá mi ò gbọ́dọ̀ jí.

Nínú èdè wo la wà ná? Òjò ń pa wá, ebi ń pa wá, oòrùn ń pa wá, ìtìjú ń mú wa, oorun ń gbé wa lọ. Láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí kò lọ́wọ́ ló ń fọwọ́ kàn wá lẹ́nu Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ewì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọmọ tó dàgbà sínú irú èdè báyìí ti ní ìdajì iṣẹ́ akéwì lọ́wọ́ kó tó mọ A, B, D. Àwọn kan á ní Yorùbá lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ẹ máa wí.

Ti ráìmù yẹn tiẹ̀ wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó, tàbí ìjálá lẹ́nu ọdẹ, ṣé ráìmù ló ń wá níbẹ̀? Shakespeare tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n ní kíláàsì gan-an, ọ̀pọ̀ ìlà inú eré rẹ̀ ni kò ní ráìmù kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá tíṣà náà nílé ìwé. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé. Mo rò pé màá bá bàbá arúgbó kan tó gbé pàṣán dání. Ọmọbìnrin kékeré kan ló jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ìkúnlẹ̀ yẹn ti gba ìdajì ìbínú lọ.

Mo ṣáà sọ tẹnu mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ṣí rẹ́jísítà hàn mí. Ọmọ 83 ní kíláàsì kan, kíláàsì mẹ́rin ló sì ní. Ó ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC ń fẹ́ àròkọ tí kò dín ní ọ̀rọ̀ 450, yálà lẹ́tà, àsọyé tàbí ìtàn, pé wọn ò ní béèrè ewì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti lítíréṣọ̀, ewì 12 ló wà nínú sílábọ́ọ̀sì, mẹ́fà láti Áfíríkà, mẹ́fà láti òkè òkun. Kí ọmọ sọ ohun tí akéwì ṣe ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò ní kí òun náà ṣe é.

“Èmi ni mo kàn ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò, mà. Ọ̀gá wa ò tiẹ̀ mọ̀.”

Ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo bi í pé ta ló kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní ewì kíkọ. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó wá ní, “Tí mo bá fún un ní 9, mà, lọ́la àga á jí, ìgbálẹ̀ á jí. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó jí lóòótọ́?” Ó na ìwé 20 sí mi, ti kíláàsì kejì tí kò tíì máàkì. “Ẹ bá wa wo díẹ̀ níbẹ̀.” Mo fi ìgbéraga gbà á.

Sátidé ni mo jókòó tì í, wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wò ó. Èyí àkọ́kọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti dà á kọ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ilé àwọn ò ní fèrèsé, pé lánlọ́ọ̀dù ló yẹ ká bi. Ṣé ewì nìyẹn ni àbí ẹjọ́ ló ń rò? Mo fún un ní 5, mo pa á rẹ́, mo kọ 6. Ìkarùn-ún ní àtùpà àwọn ń sunkún lálaalẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti fi bíró kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí ló ń pa á lẹ́kún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kà á.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà?”

Ìwé 15 ló ṣì wà lórí tábìlì. Ọjọ́ Ajé ni tíṣà fẹ́ gbà wọ́n.