Kò sí mààkì pupa lórí WhatsApp

Wọ́n tún ti ń pín in kiri ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ pé bí ẹ bá rí mààkì búlúù méjì àti pupa kan, ìjọba ti ka ọ̀rọ̀ yín. Irọ́ ni! Mààkì aláwọ̀ eérú kan: ó ti lọ. Méjì: ó ti dé fóònù. Búlúù méjì: ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ti kà á. Kò sí pupa. Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù dé fóònù. WhatsApp gan-an ò lè kà á. Ará ẹgbẹ́ WhatsApp yín tó ń ya àwòrán ojú fóònù ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ó dùn mí pé irọ́ yìí ń pa aráàlú lẹ́nu mọ́. Nítorí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ni ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP ṣe gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ ECOWAS. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní abala 24 òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí ìwọ̀sí, tako ẹ̀tọ́ wa láti sọ̀rọ̀. Ìjọba ṣe àtúnṣe sí òfin náà ní 2024.