Pápá Liberty: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn Jọ Máa Lò Ó

Ọdún 1960 tí wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty níbí, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ti Cairo ní Íjíbítì. Ojúgbà ni wọ́n. Al Ahly àti Zamalek, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Íjíbítì méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, ti jọ lo pápá Cairo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Liberty tiwa ńkọ́? Ní 2010, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Obafemi Awolowo. Ìtọ́jú tó yẹ orúkọ bẹ́ẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ìbàdàn mọ ẹgbẹ́ méjèèjì yẹn bí ẹni mowó. Zamalek ló ja ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà gbà mọ́ 3SC (Shooting Stars), ẹgbẹ́ Ìbàdàn, lọ́wọ́ ní 1984. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Al Ahly fojú Leventis United, ẹgbẹ́ Ìbàdàn kejì, gbolẹ̀ ní àṣekágbá Cup Winners' Cup, ìdíje Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Ìlú wo ló tún ní irú ẹgbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Leventis ti kógbá sílé, 3SC fìdí kalẹ̀ sí pápá ìṣeré Adamásìngbà, Liberty tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní 1963 sì wà níbẹ̀ bí ilé tí kò lónílé.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba fi pápá náà sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ Ìbàdàn, ńlá àti kékeré, kí wọ́n jọ máa lò ó pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni yòówù kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ni ìjọba ń jẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn alátìlẹ́yìn á máa jà. Ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti ọlọ́pàá tó tó ló ń yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ koríko ló le. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú òjò oṣù keje, ẹrẹ̀ ni yóò kù. Nítorí náà, ìdíje nìkan ni kí wọ́n máa gbá níbẹ̀. Kí kálukú wá ibòmíràn ṣe ìdánrawò. Kí àdéhùn náà sì dárúkọ ẹni tí yóò máa gé koríko, ẹni tí yóò máa ra epo dísẹ́ẹ̀lì, àti iye tí yóò máa yọ nínú owó ìwọlé fún àtúnṣe. Ti ayẹyẹ ńkọ́? Irin kánópì tí wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ máa ń dá ihò sí pápá, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ló sì ń wọ̀ ọ́. Kí aláriyá gba gbọ̀ngàn.

Kí sáà líìgì tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà, kí wọ́n sì lẹ iye owó tó bá wọlé mọ́ géètì lóṣooṣù, níbi tí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti lè kà á.