Wọ́n ní Jennifer Kent ń falẹ̀, èmi ò gbà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ obìnrin yìí, ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ ẹ̀ ti wà lọ́kàn mi. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ fíìmù abanilẹ́rù àwọn ará Ọsirélíà, James Wan tó ṣe Saw lọ́dún 2004 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, n ò sì bá wọn jà o, ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́. Àmọ́ tèmi ni Jennifer Kent, adarí fíìmù, ọmọ Brisbane. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán wọ́n á ti ní ṣebí fíìmù ńlá méjì náà la mọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ní ó ń falẹ̀.

Òṣèré ni tẹ́lẹ̀, NIDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré ní Sydney, ló ti kọ́ ọ, ó sì ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó di pé iṣẹ́ yẹn sú u. Ìgbà tó wo fíìmù kan tí Lars von Trier darí, ó kọ̀wé sí ọkùnrin náà ní Denmark pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kóun wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ìyẹn sì gbà, bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ọkùnrin náà, Dogville, nìyẹn. Ẹni tójú ti ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n wá padà di ọmọ iṣẹ́. Lọ́dún 2005 ó ṣe fíìmù kékeré kan, Monster, dúdú àti funfun, bí ìṣẹ́jú 10. Inú èyí ló ti fa The Babadook yọ, ìyẹn ò sì jáde títí di 2014. Ọdún 9!

Ìtàn ìyá kan ni, Amelia, tí ọkọ ẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ń gbé e lọ bímọ. Ẹ ro ìyẹn wò ná, ọjọ́ ìbí ọmọ ni ọjọ́ ikú bàbá ẹ̀, torí ẹ̀ ìyá ò lè ṣe ọjọ́ ìbí yẹn lọ́jọ́ gan-an fún ọmọ. Ilé àwọn arúgbó ni Amelia ti ń ṣiṣẹ́. Èmi náà, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Manchester, náìtì ni mo máa ń ṣe, tí mo bá délé láàárọ̀ àwọn ọmọ á ti jí. Torí náà kì í ṣe Babadook, abàmì tó ń dààmú wọn nílé, tòun ti àkẹtẹ̀ dúdú ẹ̀ ló dẹ́rù bà mí nínú fíìmù yẹn, àìsùn ni. Ọmọ yẹn á wọlé lóru, á ní kí ìyá òun wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin náà á dìde, ojú ẹ̀ á ti wọnú. Mo mọ ojú yẹn. Mo máa ń rí i nínú dígí.

Nǹkan tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn Kent gan-an rèé. Noah Wiseman tó ṣe ọmọ náà, ọmọ ọdún 6 ni, ìyá yẹn sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ kankan gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀. Kent ò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Tó bá ti kan ibi tó le jù, wọ́n á mú ọmọ kúrò níbẹ̀, àgbàlagbà kan á fi orúnkún rìn kó lè ga bí ọmọ, òun ni Essie Davis tó ṣe ìyá á wá máa pariwo mọ́. Ẹni tó ń sáré kó lè tètè parí iṣẹ́ ò ní rántí irú ìyẹn.

Ní Ọsirélíà, sinimá tó gbé The Babadook ò pọ̀, owó tó pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ju ti ọ̀hún lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ló ṣe The Nightingale, ìtàn Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, lọ́dún 1825, nǹkan táwọn òyìnbó ṣe fáwọn onílẹ̀, ó sì lọ bá àwọn àgbà onílẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà, wọ́n sọ èdè wọn nínú ẹ̀. Fíìmù 21 ló du àmì ẹ̀yẹ níbi àjọ̀dún fíìmù Venice lọ́dún 2018, Kent nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó darí wọn, ó sì gba Special Jury Prize. Fíìmù yẹn le o, mo dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wò ó tán.

Ẹnì kan tún ń bi mí pé kí ló dé tí kò ṣe apá kejì Babadook, owó ńlá ṣáà ni. Ó ti ní òun ò ní ṣe é, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹ padà lọ wo ìparí ẹ̀. Amelia àti ọmọ ẹ̀ wa ekòló nínú ọgbà, ó kó o sínú abọ́, ó gbé e lọ fún Babadook nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó padà jáde sí ìta, ó sì bá ọmọ ẹ̀ ṣọjọ́ ìbí, lọ́jọ́ ìbí gan-an. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kó fi kún un?