Stéènlẹ́ẹ̀sì tó dógùn-ún kì í ṣe ayédèrú dandan: ẹ wo ọwọ́ tí ẹ fi ń lo bílíìṣì

Ẹ wọ Ọjà Ọba tàbí Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, kí ẹ béèrè abọ́ stéènlẹ́ẹ̀sì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ojúlówó ni, kò ní dógùn-ún láéláé." Lọ́jọ́ tí àmì pupa bá wá yọ lára ẹ̀, ẹni tó rà á á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó.

Irin ni stéènlẹ́ẹ̀sì. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń kọ́lé ni kúrómíọ̀mù, irú irin mìíràn, tí wọ́n pò mọ́ ọn, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú 100. Kúrómíọ̀mù yìí ló ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dà pọ̀, tó ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí nǹkan bá ha awọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dí padà. Awọ yẹn ló ń dáàbò bo irin. Bó bá lu, irin á dógùn-ún bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bílíìṣì, Hypo àbí Jik, wá ni ọ̀tá awọ yìí gan-an. Kulóráìdì, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, wà nínú rẹ̀, òmíràn sì ń jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kulóráìdì kì í bó awọ náà lẹ́ẹ̀kan; ojú kan ló máa ń lu, bí ojú abẹ́rẹ́. Omi inú ihò yẹn á di ásíìdì, á tún máa fa kulóráìdì sí i mọ́ra, ọ́síjìn kò sì ní dé ìsàlẹ̀ kí awọ lè rí ààyè dí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àmì kékeré lókè nígbà tí inú ti jẹ jìnnà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni gbígbẹ. Bí bílíìṣì bá gbẹ mọ́ síńkì, omi ló fẹ́ lọ, kulóráìdì kò bá a lọ. Èyí tí ẹ pò fẹ́ẹ́rẹ́ á wá le gan-an nígbà tó bá ku ìkán tó gbẹ̀yìn. Ẹ wo etí abọ́, abẹ́ ìdìmú, abẹ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí síńkì, oríkèé sísọ́ọ̀sì: ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi máa ń há sí.

Àwọn kan a mú òòfà lọ sọ́jà. Òòfà kò lè dá ẹjọ́ yìí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe oríṣi stéènlẹ́ẹ̀sì. Òòfà máa ń fa oríṣi 430, stéènlẹ́ẹ̀sì gidi sì ni. Kì í fa 201, bẹ́ẹ̀ 201 kò lè fara da bílíìṣì tó 304, tó ní kúrómíọ̀mù bí ìdá 18 àti níkẹ́lì, irin mìíràn, bí ìdá 8 nínú 100. Oríṣi 316, tí wọ́n fi irin tó ń jẹ́ mọlíbídẹ́nọ̀mù kún, ló le jù nínú wọn, àmọ́ bílíìṣì tó bá sùn lórí rẹ̀ mọ́jú lè lu òun náà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọ̀rá àti èérún oúnjẹ kúrò, torí àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ agbára bílíìṣì tán. Bí ara ike bílíìṣì bá sọ pé ìdá 3.5 nínú 100 ni agbára rẹ̀, ṣíbí ìjẹun 4, bíi mílílítà 60, tó fún omi tútù lítà 10 fún tábìlì àti abọ́ oúnjẹ. Ẹ má lo omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí, ife bílíìṣì 1 sí omi ife 6, ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀.

Irinṣẹ́ ilé ìwòsàn ńkọ́? Rírẹ wọ́n sínú omi kulorínì, irú bílíìṣì, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ kò sí nínú ìmọ̀ràn WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé: ó ń jẹ irin, ẹ̀jẹ̀ sì ń pa agbára kulorínì. Fífọ̀ ló ṣáájú.

Nígbà mìíràn, bílíìṣì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Sọ́ńjì onírin ló fi èérún irin lásán há ara abọ́, èérún yẹn ló sì dógùn-ún. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ṣí irú àmì bẹ́ẹ̀: ẹ pa á síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi sọ́ńjì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò ku bílíìṣì kankan níbẹ̀ kí ẹ tó da omi ọsàn náà sí i. Ásíìdì àti bílíìṣì máa ń tú gáàsì kulorínì jáde, ó sì lè pa èèyàn nínú ilé ìdáná tó há.

Bí èékánná bá kọ́ ihò, kò sí ohun tó máa dí i mọ́. Ẹ yọ irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí oúnjẹ, torí ìdọ̀tí tó bá sá wọ inú ihò yẹn, sọ́ńjì kò lè bá a níbẹ̀.