Àfidéfìtì kò lè sọ orúkọ méjì di ọ̀kan nínú ìwé ilẹ̀

"Lọ búra ní kóòtù, gbogbo ẹ̀ á tán." Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bára mu nínú ìwé, láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Lafẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta. Èmi náà gbà á gbọ́, àfìgbà tí a kó ìwé ilẹ̀ bàbá mi dé ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mósàn lẹ́yìn ikú wọn.

Ọbáńtokò ni ilẹ̀ náà wà. "Súlè Kápẹ́ńtà" ni àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ sórí rìsíìtì, torí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Ẹni tó wọn ilẹ̀ fi "Sh" bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa. Lórí káàdì ìdánimọ̀ wọn, "S" lásán ni, Súlè sì ti di Sulaimon. A gbé àfidéfìtì, ìwé ìbúra tí a gbà ní kóòtù, kalẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fi sínú fáìlì, wọ́n sì ní ká lọ mú ẹ̀rí mìíràn wá.

Ó dùn mí wọra lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo ti wá rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó búra ni àfidéfìtì. Kóòtù kì í wádìí bóyá Súlè Kápẹ́ńtà ni Sulaimon. Ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí ni pé ẹ wá, ẹ sì búra. Ẹni tó bá búra èké lè fojú winá òfin, ìyẹn ló jẹ́ kó níyì. Síbẹ̀, kò lè wọnú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ lọ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Bákan náà ni ìkéde inú ìwé ìròyìn. Ẹ ka ìparí rẹ̀ dáadáa: ó ní gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lórí wọn.

Ti àwa Ẹ̀gbá tiẹ̀ le jù, nítorí orúkọ Oṣó pọ̀ láàrin wa. Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn baba ńlá wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Sodeke, àwọn mìíràn ní Shodeke. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé akọ̀wé kò ní àmì abẹ́ ṣ, oníkálukú wá ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohùn kan náà ni. Ẹni méjì ló ń rí. Ẹ wá fi ti àwọn tó yọ Ògún tàbí Ifá kúrò nínú orúkọ ìdílé kún un. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá yín ṣì ń jẹ́ Ògún.

Ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, ni. Ti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, báńkì ni. Ẹ kọ́kọ́ tún ti NIN ṣe, torí òun ni báńkì àti àwọn tó ń ṣe páspọ́ọ̀tù ń wò. Bó bá jẹ́ inú ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ ni, lọ́yà máa kọ ìwé àtúnṣe, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á á sì jọ fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tiwa ti há. Àgbà tó fọwọ́ sí rìsíìtì bàbá mi ti kú kí a tó mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ Súlè Kápẹ́ńtà rí.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí ẹ jẹ́ orúkọ ọkọ. Bí ẹ bá gbà á, ìwé ilẹ̀ tí ẹ ti rà kí ẹ tó relé ọkọ kò ní í yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó mọ́ ọn.

Rìsíìtì ilẹ̀ màmá mi wà lọ́wọ́ mi báyìí. "Ìyá Ṣeun" ni wọ́n kọ sí i. Bàbá tó ta ilẹ̀ náà fún wọn ṣì wà láàyè ní Ìtòkò. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti màmá àti lọ́yà ń lọ bá wọn.