Oorun kọ́ ni wọ́n ń sùn

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp ní Kétu níbí: wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé oorun ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ń sùn. Irọ́ ni. Ní Ctrip, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ní Ṣáínà, Nicholas Bloom, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi oṣù 9 wo àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú 100 ju tàwọn tó wà ní ọ́fíìsì lọ.

Ẹ má sì sọ ọ́ di àsọdùn o: iṣẹ́ fóònù nìyẹn, ẹni tó sì ní yàrá tirẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Àbúrò mi tó ń ṣèṣirò owó nílé ńkọ́? Ọmọ á gùn ún lẹ́yìn, ìyá àgbà á ní kó wá gbé korobá omi. Alẹ́ ló ń ríṣẹ́ ṣe.